Ẹ tan Game Mode kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò
Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń gbá géèmù tó kún fún fífò bíi Celeste tàbí Shovel Knight lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ́kọ́ wọ Settings tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Picture sí, kí ẹ tan Game Mode. Tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde, ìyẹn sì ń fa ìdádúró; Game Mode ló ń dín in kù. Bí ẹ ò bá tan án, ẹ ti tẹ bọ́tìnnì tán, ẹ ò tíì rí ẹni inú géèmù kó fò. Nínú irú géèmù báyìí, ìdádúró bíńtín yẹn tó láti sọ yín sínú ọ̀gbun, ẹ ó sì rò pé ọwọ́ yín ló lọ́ra! Bí ẹ bá tan Game Mode, àwọ̀ lè ṣá díẹ̀, ìyẹn ò tó nǹkan. Àmọ́ bó bá jẹ́ pádì aláìlówáyà tí ẹ fi ń gbá géèmù ló ń fa ìdádúró, Game Mode ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ fi wáyà so pádì náà.