Mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ oní-DVI ṣì wúlò fún láptọ́ọ̀pù yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ní Ọ̀tìgbà, n'Ìkẹjà, ẹ má torí pé ihò DVI, ìyẹn ihò wáyà àwòrán kan, nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Láti 1999 ni DVI ti jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ ni HDMI, ihò àwòrán tó wà lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, dé ní 2002, bákan náà sì ni àwọn méjèèjì ṣe ń gbé àwòrán. Ìbejì ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n wọ̀ yàtọ̀. Wáyà tí orí kan rẹ̀ jẹ́ HDMI, tí èkejì jẹ́ DVI, ti tó. Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ ra kọnfátà oníná fún un, ẹ dá a lóhùn pé ẹ ò ṣe.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Ihò pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ihò kéékèèké mẹ́rin bá yí i ká, DVI-I ni. Bí kò bá sí, DVI-D ni. Méjèèjì ló ń bá HDMI ṣe. Orí wáyà ni kẹ́ ẹ ṣọ́: èyí tó ní píìnì mẹ́rin yẹn kò lè wọ DVI-D láéláé. Mo ti rí ẹni tó fi ẹ̀mú fa píìnì náà yọ. Ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ èmi ò ní ṣe é sí wáyà oníbàárà.

Ẹ má retí ohùn lára mọ́nítọ̀ DVI. Inú láptọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, tàbí kẹ́ ẹ so sípíkà mọ́ ọn. Fíìmù tí wọ́n fi HDCP, àgádágodo tí kì í jẹ́ kí wọ́n dà á kọ, tì náà lè gbé ojú dúdú wá bí mọ́nítọ̀ bá ti pẹ́ jù. Wáyà yìí ń gbé àwòrán oní-1920 × 1200 dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn mọ́nítọ̀ ńlá oní-2560 × 1600 tó ń fẹ́ DVI dual-link, ìyẹn DVI onílọ̀ọ́po méjì, ẹ má fi dán an wò.

Ti VGA, ihò àwòrán àtijọ́, yàtọ̀ pátápátá. Ihò 15 ló ní, kì í sì í ṣe ìran HDMI rárá. Ibẹ̀ gan-an ni kọnfátà ti wúlò, kó sì jẹ́ èyí tó ní ẹ̀rọ nínú.

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ so ó, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú P, kẹ́ ẹ mú Duplicate. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì dúdú, ẹ tẹ bọ́tìnnì Source lára mọ́nítọ̀ títí yóò fi kan DVI. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní "ó ti bàjẹ́", orí VGA ni wọ́n fi Source rẹ̀ sí.