Bí ẹ ṣe lè rìn yí àpáta Ṣábẹ̀ ká láàárọ̀ ọjọ́ kan

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ti Àjàṣẹ́ àti Kútọnu bọ̀ wá lo ìsinmi ọdún nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dúró sójú títì kí ẹ ya fọ́tò àpáta kí ẹ sì padà. Láti Kútọnu dé Ṣábẹ̀, ìlú wa ní àárín orílẹ̀-èdè Benin, tó bíi 250 kìlómítà. Ẹni tó bá ti jókòó sínú mọ́tò tó báyẹn, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí àpáta náà ká. Mi ò ní kí ẹ gun orí rẹ̀ o. Iṣẹ́ àwọn tó mọ okùn lò nìyẹn. Yíyí i ká ni mò ń wí. Kò ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, ẹni tó bá sì lè fẹsẹ̀ rìn dé oko kó tún ru iṣu bọ̀ wálé á ṣe é.

Òfin tí mo fi ń mú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rìn kò ju ọ̀kan lọ: àpáta kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Ọ̀nà oko pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ya síhìn-ín, wọ́n ya sọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì parí sídìí ebè iṣu olóko kan. Bí ẹ bá dé oríta tí ọkàn yín kò dá yín lójú, ẹ gbójú sókè. Ọ̀nà tó bá fi àpáta sí ọ̀tún ni tiyín. Bí igi bá bò ó fún ìgbà díẹ̀, kò burú, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ tí ẹ ò tíì rí i, ẹ má ṣe wá ọ̀nà àbùjá nínú igbó. Ẹ padà síbi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn.

Láti ìparí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì ni kí ẹ wá. Nígbà òjò, omi tó ń ṣàn lára àpáta a máa ya ojú rẹ̀ dúdú, ó sì ń yọ̀ gan-an. Lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ gbẹ, atẹ́gùn tutù láàárọ̀, ojú sì ń ríran jìnnà lọ́jọ́ tí kùrukùru kò bá pọ̀. Ẹ jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìhà tí òjìji àpáta wà. Tí ẹ bá fi máa dé ìhà kejì níbi tí oòrùn ti mú, abẹ́ igi ni ẹ ó wà.

Kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ilé tó wà nísàlẹ̀ àpáta. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ilé tí ẹ ti wá àti ibi tí ẹ ń lọ. Orí àpáta wọ̀nyí làwọn baba ńlá wa sá sí nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó èèyàn lẹ́rú; a kì í rìn ín bí ẹni ń rìn nínú ilé tí kò lólúwa. Ojúbọ wà níbẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí màrìwò tàbí aṣọ funfun tí wọ́n so mọ́ igi, ẹ yà fún un, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀. Bí àgbà bá ní kí ọmọ kan nínú ilé tẹ̀ lé yín, ẹ gbà, kí ẹ fún ọmọ náà ní nǹkan nígbà tí ẹ bá dé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rọrùn: oko kajú, oko ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ tó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni igbó á bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe igbó kìjikìji bíi ti ìsàlẹ̀ Kétu; igi jìnnà síra wọn, koríko ló wà láàárín. Ẹ wo igi ẹmi tí a fi ń ṣe òrí. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó là yẹ́lẹyẹ̀lẹ, òun ló sì ń gbà á lọ́wọ́ iná ọdọọdún. Igi igbá tí a fi ń ṣe irú wà níbẹ̀, tí òdòdó pupa rẹ̀ ń rọ̀ bíi bọ́ọ̀lù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi apá náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń la pákó ti gé èyí tó pọ̀ jù, ó sì ń dùn mí. Àwọn ọdẹ ń dáná sungbó lásìkò yìí, nítorí náà ẹ wọ aṣọ tó hàn kedere. Bí ẹ bá rí èéfín níwájú, ẹ padà, ẹ má bá iná dupò. Ọ̀pá lọ́wọ́, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀: paramọ́lẹ̀ a máa sùn sójú ọ̀nà, kì í sì í tètè yà fún èèyàn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni òkúta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn igbó náà. Bí ẹ bá bá àwọn ìyá tó ń sá èlùbọ́ sórí rẹ̀, ẹ kí wọn kú iṣẹ́, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ẹ má tẹ ohun tí wọ́n sá. Lókè díẹ̀ síbẹ̀ ni ẹ ó ti rí koríko kan tó hù sórí òkúta gan-an, láìsí erùpẹ̀ kankan tó ṣeé fojú rí. Ó tẹ́ bẹẹrẹ bí ẹní, ìdí rẹ̀ dúdú, ó le, ewé rẹ̀ gbẹ, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Gbogbo àlejò ló ń rò pé ó ti kú. Kò kú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sí i, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ewé kan náà tó gbẹ yẹn ni yóò padà di tútù. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko ń pè é ní Afrotrilepis pilosa, orí àpáta bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló sì ń gbé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà, ọdún púpọ̀ ló fi ń ga tó orúnkún. Òun ló ń di ìwọ̀nba erùpẹ̀ mú kí omi má gbá a lọ, tí ewéko mìíràn fi ń rí ibi hù. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fà á tu láti fi gòkè, ẹ má dáná sí i, ẹ má jókòó lé e. Àyè pọ̀ lórí òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lórí òkúta yìí kan náà, ẹ tẹ́tí sí ẹsẹ̀ yín. Oòrùn àti òtútù a máa mú kí àpáta bó ní ìpele-ìpele. Bó bá dún bí ohun tó ní ihò nínú, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Oyin ìgbẹ́ tún wà nínú pàlàpálá àpáta. Ẹ má pariwo níbẹ̀, ẹ má ju òkúta, ẹ má sì fi lọ́fíńdà sára lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá tú jáde, sísá lọ láìdúró ló dára, kí ẹ fi aṣọ bo orí àti ojú.

Ìsọ̀kalẹ̀ láti ibi òkúta pẹrẹsẹ náà ló le jù fún orúnkún, ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀ ọ́. Odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ a máa gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà omi tí ẹ bá gbé láti ilé lẹ ó mu: lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó ọ̀rá rẹ̀ bọ̀. Bí ẹ bá pàdé màlúù àwọn Fúlàní, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí wọ́n á fi kọjá, ẹ má gba àárín ìyá àti ọmọ. Àwọn obìnrin wọn ń ta wàrà. Ẹ rà á, ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù lábẹ́ igi.

Láti ibẹ̀, oko kajú ló tún kù títí dé ìdí ilé tí ẹ ti gbéra. Ẹ padà lọ sọ fún àgbà tí ẹ kí láàárọ̀ pé ẹ ti dé, kí ọkàn wọn balẹ̀. Nílé, kí ẹ tó jókòó, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún àti abẹ́ ìgbànú dáadáa bóyá eégbọn wà níbẹ̀, kí ẹ sì gbọn ṣòkòtò yín síta gbangba.