Òfin páàkì fóòmù: bí mo ṣe ń ṣírò èrè àti àdánù rẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, kọmíṣọ́nnà ètò àyíká ní Èkó, Tokunbo Wahab, kéde pé a ò gbọdọ̀ lo páàkì fóòmù tí a fi ń di oúnjẹ mọ́. Àwa olóúnjẹ ní Múṣin figbe ta. Ìwé àti bírò ni mo gbé ní tèmi. Bí mo ṣe ṣe é nìyí, ẹ lè fi wo òfin mìíràn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sanwó. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé "ó wọ́n", ẹ sọ ọ́ di iye. Ká ní páàkì fóòmù jẹ́ ₦100, ike onídèérí ₦250, tí ẹ sì ń ta àwo 40 lójúmọ́: ₦6,000 ló lé. Ẹ wá yọ àwọn tó ń jókòó jẹun àti àwọn tó ń gbé kúlà wá látilé. Bí wọ́n bá jẹ́ 15, ó ku ₦3,750. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbé e, àbí ẹ ó gbé e lé oúnjẹ? Ibí ni inú ti bí mi: iye tí alábàárù tó ra ìrẹsì kékeré ń san lórí ike náà ni ọ̀gá tó gbé mọ́tò wá ń san.

Èrè òfin náà ló le jù láti ṣírò, torí kì í ní rìsíìtì. Òjò ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bí fóòmù bá dí gọ́tà, tí omi wọ ṣọ́ọ̀bù, ọjà ọjọ́ yẹn lọ, gàrí bàjẹ́, ẹ ó tún sanwó fún ẹni tó gbọ́n omi. Àmọ́ ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru fóòmù o! Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wà níbẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó kọ́lé sójú kánáàlì náà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n bá ń kó gọ́tà àdúgbò yín, ẹ dúró tì wọ́n, ẹ wo ohun tí ṣọ́bìrì ń gbé jáde. Bí fóòmù bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin àdánù òjò ni kí ẹ kà sí èrè òfin. Ike omi ṣì rí ẹni ṣà á tà; fóòmù ń fọ́ wẹ́wẹ́, kò sẹ́ni tó ń rà á.

Páàkì tó kù nílẹ̀ lọ́jọ́ tí òfin dé, àdánù ẹ̀ẹ̀kan ni. Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fóòmù pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ẹ kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ wo ohun tó rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú. Bí oníbàárà bá kúrò nínú fóòmù bọ́ sínú náílọ́nù, èrè wo ni gọ́tà jẹ? Ìdí tí mo fi tún ìṣirò ṣe nìyẹn nígbà tí Èkó fi ife, sítírọ́ọ̀, ṣíbí ike àlòsọnù àti náílọ́nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò nípọn tó 40 microns kún un láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Ewé eéran gba ọ̀fadà, ó gba mọ́ínmọ́ín. Kò gba ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹ má tan ara yín.

Níkẹyìn, ẹ ṣe ìṣirò náà lọ́nà méjì: bí ìjọba bá kó gọ́tà kí òjò tó dé, àti bí wọn ò bá kó o. Nínú ìwé tèmi, mo jèrè nínú ti àkọ́kọ́. Nínú ìkejì, owó ike lásán ni mo ń san.