Kí Ẹ Tó Da Oògùn Sómi: Ohun Tí Ẹja Àrọ̀ Ń Fi Ara Rẹ̀ Sọ

Ẹni tó bá ń sin àrọ̀ nínú adágún onísìmẹ́ǹtì tàbí ti tàpólì lẹ́yìnkùlé rẹ̀ l'Óṣogbo, yálà ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí ní Ayétòrò, mọ ìpayà tó máa ń mú èèyàn láàárọ̀ kùtù nígbà tó bá rí i pé ẹnu ẹja kún ojú omi. Ọ̀pọ̀ á sáré lọ ra oògùn, wọ́n á dà á sínú adágún, omi tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ á wá ní oògùn kún ìbàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, omi ni ẹja ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àkókò tó yọ sókè, ibi tó dúró sí àti bó ṣe ń mí ló máa sọ irú ẹjọ́ tó jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwà rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá. Àrọ̀ ò dà bí epìyà. Yàtọ̀ sí ibi pupa abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ẹja fi ń mí nínú omi, ó ní ẹ̀yà ara míì lókè ibẹ̀, tó pẹ̀ka bí igi, tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Dandan ni kó máa gòkè wá. Èyí tí ara rẹ̀ yá á wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á yí bìrí, á padà sísàlẹ̀. Kì í ṣe ojú kan náà ni gbogbo wọn ń gbà yọ. Tí òjìji yín bá bọ́ sórí omi, á sá. Èyí tí nǹkan ń ṣe á dúró lókè, irùngbọ̀n rẹ̀ á léfòó, òjìji á kọjá lórí rẹ̀ kò ní mira. Àwọn ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tíì ní ẹ̀yà ara tó ń mí afẹ́fẹ́ yẹn; afẹ́fẹ́ inú omi nìkan ni wọ́n gbójú lé. Tí wọ́n bá kún òkè, ọ̀rọ̀ ti di kíá.

Ìgbà mẹ́ta ló yẹ kí ẹ máa wò wọ́n: nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ kí ẹ tó fún wọn lóúnjẹ, ìgbà tí wọ́n ń jẹun, àti alẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ jù. Ti alẹ́ ṣe pàtàkì, torí ẹja alẹ́ ni àrọ̀. Tí kò bá rìn káàkiri lóru, nǹkan ń ṣe é. Ẹ dúró ní ẹsẹ̀ méjì sí etí adágún fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má ju ohunkóhun sómi. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ iye tó wà lókè, àwọ̀ omi, òórùn rẹ̀, àti iye oúnjẹ tí wọ́n jẹ. Adágún yín ti àná ni kí ẹ fi wé tòní, kì í ṣe ti aládùúgbò.

Ó wá kan kíka àkókò tí wọ́n kún òkè.

Tó bá jẹ́ ìdájí, tí omi sì ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ inú omi ló tán. Ewé kéékèèké tó sọ omi di àwọ̀ ewé yẹn máa ń ṣe afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lóru òun náà ń mí, ó ń bá ẹja pín èyí tó wà. Kí oòrùn tó yọ ló máa ń kéré jù. Tí wọ́n bá padà sísàlẹ̀ fúnra wọn ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ dín ewé náà kù: ẹ pààrọ̀ omi díẹ̀, ẹ ta nǹkan bo apá kan adágún kí oòrùn má baà kọlù ú.

Tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan nínú irú omi aláwọ̀ ewé kan náà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Lọ́sàn-án, ewé yẹn máa ń gbé pH omi (òṣùwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan bí ọsàn tàbí ó dà bí omi eérú) sókè, bẹ́ẹ̀ bí pH àti ooru bá ṣe ga tó ni amóníà, májèlé tó ń ti inú ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà jáde, ṣe ń lágbára tó. Ẹja tó dára láàárọ̀ tó wá ń ṣe wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ ní aago méjì, amóníà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi ohun èlò ìdánwò wọn ọ́n ní ọ̀sán, kì í ṣe láàárọ̀, torí ti àárọ̀ á tàn yín jẹ.

Tó bá jẹ́ wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, oúnjẹ ti pọ̀ jù. Ẹja tó ń da oúnjẹ nínú ń lo afẹ́fẹ́ ju bó ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀ lọ.

Tó bá sì jẹ́ kété tí ẹ fa omi tuntun sí i, ẹ wo ibi tí omi ń gbà wọlé. Àrọ̀ fẹ́ràn omi tuntun, á kọjú sí i, á máa tì í. Tí wọ́n bá ń sá fún ẹnu páìpù, omi yẹn ni kò dára: ó lè tutù jù, tàbí kó jẹ́ omi tí wọ́n fi kẹ́míkà fọ̀. Omi kànga-dẹ̀rọ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kì í sábà ní afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú táńkì di ọjọ́ kejì, tàbí kí ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sára páìpù, kí omi máa rọ̀ bí òjò láti òkè kó tó balẹ̀.

Èyíkéyìí tó bá jẹ́ nínú gbogbo èyí, ohun àkọ́kọ́ kò yí padà: ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ fi omi tó dára pààrọ̀ omi. Ẹ má da gbogbo rẹ̀ nù, torí omi tó yí padà lẹ́ẹ̀kan náà máa ń dá ẹja lágara ju ìdọ̀tí lọ. Adágún tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 1, lítà 12,000 ló gbà. Ẹ jẹ́ kí ìdá mẹ́ta rẹ̀, lítà 4,000, jáde láti ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀gbin jókòó sí, kì í ṣe láti òkè. Ẹ kún un padà díẹ̀díẹ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá gbójú lé iná mànàmáná nìkan láti fa omi ń fi ẹja rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹ tọ́jú omi sókè, tàbí kí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀.

Oúnjẹ ni òṣùwọ̀n tó dá wa lójú jù. Ẹja mọ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ́ ọ. Kí ọwọ́ yín tó dé inú báàgì, ó ti yẹ kí wọ́n ti péjọ. (Ìlú tí a ń sọ yìí, inú «Atẹ́wọ́gbẹja» ni orúkọ oyè ọba rẹ̀, Atáọ́ja, ti jáde, kí ẹja wá bá ọwọ́ kì í ṣe àjèjì l'Óṣogbo.) Ẹ ju ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ ka àkókò. Tí omi bá hó lójú ẹsẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Nígbà tí híhó náà bá rọlẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, kódà kó ku oúnjẹ nínú abọ́. Tí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá tí oúnjẹ ṣì ń léfòó, ẹ fi àwọ̀n kó o kúrò, kí ẹ sì dín ti ìrọ̀lẹ́ kù.

Láti mọ iye tó yẹ, ẹ wọn 20 tàbí 30 nínú wọn ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì. Ẹja 500 tó jẹ́ gíráàmù 300 níkọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 150. Ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, kílò 4.5 ni oúnjẹ ọjọ́ kan, tí ẹ ó pín sí ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn kékeré lè jẹ tó ìdá 5. Ẹ má ṣe yó wọn ju bó ti yẹ lọ pẹ̀lú èrò pé wọ́n á tètè tóbi: ikùn àrọ̀ tó jẹ àjẹjù lè wú kí ìfun rẹ̀ bẹ́, ẹ ó sì rí òkú ẹja tó sanra, tí kò ní ọgbẹ́ kan, tó dojú ikùn sókè.

Tí wọn ò bá jẹun, ẹ má tíì gbé e sórí àìsàn. Inú omi tó móoru ní 26 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ara àrọ̀ ti ń yá jù. Lásìkò ọyẹ́, ní Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní, omi adágún kékeré máa ń tutù lóru, wọ́n á kó ara wọn jọ sí igun kan nísàlẹ̀. Ẹ sún oúnjẹ àárọ̀ sí aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ti ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́rin, ẹ dín in kù. Ẹja tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wálé náà kì í jẹun lọ́jọ́ kìíní. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá léfòó nínú adágún fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ẹ tó tú u sílẹ̀.

Fífò lálẹ́ òjò kì í ṣe àìsàn. Nínú igbó, ìgbà tí òjò bá kún odò ni àrọ̀ máa ń rìn lọ sí ibi koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò láti yé ẹyin; òjò tó rọ̀ sórí adágún yín ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 dín sí etí, ẹ ta àwọ̀n bò ó, ẹ sì darí omi òrùlé síbòmíì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń fò lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n ń fi ara ha ògiri, tí ikun ara wọn nípọn, tí adágún sì jẹ́ tuntun, sìmẹ́ǹtì ló ń ta wọ́n. Ẹ̀fun inú rẹ̀ ń gbé pH sókè. Ẹ kún adágún tuntun, ẹ dà á nù, lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ń rẹ ọ̀pá ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ má kó ẹja sí i àyàfi tí pH bá wà láàárín 6.5 sí 8.5. Tí adágún bá ti pẹ́, tí wọ́n sì ń fi ara ha ògiri, ẹ fura sí kòkòrò ara.

Èyí tó burú jù nínú ohun tí ojú ń rí ni ẹja tó nàró nínú omi bí ọ̀pá, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀, tó ń mì lórí ìdúró. Ẹ fi àwọ̀n mú ọ̀kan, ẹ gbé ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè. Pupa bí ẹ̀jẹ̀ tútù ló yẹ kí ibẹ̀ rí. Tó bá di àwọ̀ ilẹ̀ bíi ṣokoléètì, náítíráìtì, májèlé míì tí amóníà máa ń dà, ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ìpààrọ̀ omi, ẹ po iyọ̀ lásán, kílò 1 fún lítà 1,000, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì títí yóò fi yòrò, kí ẹ tó dà á káàkiri. Tó bá funfun, tí ó jẹrà létí, tàbí tí ọgbẹ́ wà lára, ẹ gbé ẹja kan tó ṣì ń mí lọ bá dókítà ẹran; òkú ẹja kò lè sọ púpọ̀ fún un.

Ó ku iye ẹja tó ń dín kù láìsí òkú. Ẹ wo ìrù wọn. Tí etí ìrù bá gé, tí ẹ rí ọ̀kan méjì tó fi ìlọ́po méjì ga ju ẹgbẹ́ wọn, tí àwọn yòókù ń sá fún, àwọn ńlá yẹn ló ń jẹ àwọn kékeré. Ẹ máa ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì títí wọ́n á fi tó àgbà, láàárọ̀ nígbà tí omi tutù, lórí ikùn òfo, kí ẹ sì ka gbogbo wọn bí ẹ ti ń gbé wọn padà.