Bí ẹ ṣe lè ka Bourdieu kí orí má baà fọ́ yín

Ẹ má fi àwọn ìwé tíọ́rì Pierre Bourdieu, onímọ̀ sọsiọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ) ará Faransé, bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn, torí ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, oorun á ti gbé e lọ lójú ìwé kejì. Àròkọ ọdún 1962 ni kí ẹ wá, èyí tó kọ nípa àwọn àpọ́n ní Béarn, agbègbè tí wọ́n ti bí i ní Faransé.

Ijó Kérésìmesì ni, nílé ọtí abúlé kan. Àwọn ọ̀dọ́ ń jó. Àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ti tó ọgbọ̀n ọdún dúró sétí agbo, fìlà béret lórí, kóòtù dúdú tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá lọ́rùn. Wọn ò jó, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, ọmọkùnrin àgbà tó máa jogún oko ni ọkọ tí àwọn ọmọbìnrin ń fẹ́. Àmọ́ àwọn ọmọbìnrin ti ń wo ìlú ńlá báyìí. Ẹ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wo ohun tó sọ nípa ìrìn wọn àti bí ara wọn ṣe ń tì wọ́n lójú.

Ẹ wá béèrè pé, ta ló kọ́ Bourdieu láti máa wo ara èèyàn báyìí? Marcel Mauss, onímọ̀ àwùjọ ará Faransé tó ti kọ̀wé nípa bí èèyàn ṣe ń lo ara rẹ̀, wà níbẹ̀, Bourdieu kò fi í pa mọ́. Ṣùgbọ́n fìlọ́sọ́fì ni Bourdieu kà ní École normale supérieure, ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Paris, nígbà tí ìwé Merleau-Ponty, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, ti ọdún 1945 ṣì gbóná lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé náà ní ara ti máa ń mọ nǹkan kí ẹnu tó lè sọ ọ́. Habitus ni Bourdieu ń pe ìṣesí tó ti mọ́ èèyàn lára. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni, tipẹ́, òun náà sì gbà á lọ́wọ́ Aristotle, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Gíríìsì. Níbikíbi tí ẹ bá ti pàdé rẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn àpọ́n wọ̀nyẹn. Bí àlàyé yín kò bá bá wọn mu, ẹ ò tíì lóye rẹ̀.

Ti Freud, ẹni tó dá ìtúpalẹ̀ ọkàn (wíwá ohun tí ọkàn ń fi pa mọ́) sílẹ̀, ló le, torí Bourdieu kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ wá a nídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn láàárín àwọn Kabyle, ẹ̀yà kan ní Àlùjíríà tí Bourdieu ṣe ìwádìí lórí wọn. Ẹni tó gbà gbọ́dọ̀ san án padà, àmọ́ kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Bó bá san án lọ́jọ́ náà, ó ti kọ ẹ̀bùn nìyẹn, ìwọ̀sí sì ni. Àkókò tó wà láàárín ló ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè ṣe bí ẹni pé kò sí gbèsè. Nítorí náà, ẹ máa bi ìwé rẹ̀ léèrè: kí ni gbogbo wọn mọ̀ níbí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ? Ẹ má wá ìtàn bàbá, ìyá àti àlá o. Ọ̀rọ̀ ipò láwùjọ ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀. Nínú ìwé ọdún 1979 tó kọ nípa ohun tí oníkálùkù fẹ́ràn, òun fúnra rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ni sọsiọ́lọ́jì ti sún mọ́ ìtúpalẹ̀ ọkàn jù.

Ìwé kékeré tó fi tú ara rẹ̀ palẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde lédè Faransé ní 2004 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ fi í ṣe ìkẹyìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kà á máa rò pé ìtàn ìgbésí ayé ni, bẹ́ẹ̀ ó sì ti kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.