Eré Ìdárayá fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Mu Ọtí Lámujù: Wákàtí Ọtí Ni Kí Ẹ Gbà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fásitì gbà pé bí àwọn bá ti sáré láàárọ̀, ọtí àná ti bá òógùn lọ. Irọ́ ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ ọtí mọ́ nínú ara. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gba inú òógùn, ìtọ̀ àti èémí jáde. Ìgò bíà ńlá kan (60cl, ìdá 5 nínú 100) ní ògidì ọtí tó tó gíráàmù 24, ó sì máa ń gba ẹ̀dọ̀ tó wákàtí mẹ́ta, ẹni náà ìbáà sáré, ìbáà sùn. Ọtí inú ọ̀rá kéré lójú, ṣùgbọ́n ògidì ọtí inú ọ̀rá mẹ́ta (30ml lọ́kọ̀ọ̀kan) lè ju ti ìgò bíà ńlá kan lọ.

Kí ọtí tó dé ẹnu ni eré ìdárayá ti wúlò. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, aago mélòó, ta ni wọ́n jọ jókòó, ìgò mélòó. Bó bá jẹ́ aago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń pé jọ, kó wà lórí pápá láago mẹ́fà. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn kíákíá fún 20 ìṣẹ́jú, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìrìn tí èèyàn lè fi sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè fi kọrin. Kó máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di 30, kó tó wá sọ ọ́ di ọjọ́ márùn-ún.

Kó mu omi inú ọ̀rá kan (50cl) ṣáájú ìrìn náà, kó mu òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, kó sì jẹun lójú ẹsẹ̀: ẹ̀bà, ẹ̀wà, ohun tó bá ṣáà ti wà. Òùngbẹ ló ń fa èèyàn dé ìdí bíà, ebi ló sì ń jẹ́ kó tètè pa á.

Bọ́ọ̀lù ló máa ń ba ètò yìí jẹ́ jù. Bí ayò bá ti parí, ó di ilé ọtí, ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi á san owó páálí bíà. Ó wà lára ìdí tí àwọn eléré ìdárayá fi máa ń mu ju ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nígbà mìíràn. Ẹ mọ àwọn tẹ́ ẹ máa bá ṣeré kí ẹ tó mú eré. Ayò aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta dára púpọ̀, nítorí ó máa ń gé alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kúrú.

Bí ọtí bá ń wu èèyàn lójijì, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn kíákíá, tàbí kó máa gun àtẹ̀gùn họ́sítẹ̀lì. Ìfẹ́ ọtí náà lè rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Àsìkò yẹn ni kó fi jẹun tàbí kó kúrò níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ojú bá ṣì wúwo, kò gbọdọ̀ sáré: omi ara ti dín kù. Kó mu omi, kó sinmi.

Ẹ̀yin òbí, bí ọwọ́ ọmọ bá ń gbọ̀n láàárọ̀ àfìgbà tó bá mutí, ẹ má tì í mọ́lé pé kó jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Ilé ìwòsàn ló kàn. Eré ìdárayá á dúró títí dókítà á fi ní kó bẹ̀rẹ̀.