Ẹ Gba Fáìlì FASTQ Yín Kí Ẹ Tó Sanwó: Bí Mo Ṣe Ka Jíìnì Ẹja Àmúlùmálà

Dọ́là ni ilé-iṣẹ́ tó bá mi ka jíìnì ẹja gbà lọ́wọ́ mi, tábìlì Excel kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ padà sí Ìbàdàn. Tábìlì náà ní jíìnì àrọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú ẹja tí mo bí láti ara abo àrọ̀ (Clarias gariepinus) àti akọ hétẹ́rò (Heterobranchus longifilis). Ẹ̀dọ̀ o, iṣan o, ọpọlọ o, ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó ti sin heteroclarias, àmúlùmálà àrọ̀ àti hétẹ́rò, rí, láti Ẹlẹ́yẹlé títí dé Mọ́níyà, á fura: lẹbẹ ọlọ́ràá tí àrọ̀ kò ní, tí hétẹ́rò ní, ó wà lẹ́yìn ọmọ wọn. Bàbá kò sùn nínú ẹja yẹn.

Bíbí ẹja àti yíyọ RNA (ẹ̀dà tí jíìnì ń ṣe nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́), mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Àfi kí ẹ gé ẹran náà kó má nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ kó tó wọ RNAlater, omi tí kì í jẹ́ kí RNA tètè bàjẹ́, kí omi rẹ̀ sì tó ìlọ́po 5 ẹran. Iná Ìbàdàn kò ṣeé gbọ́kàn lé. Nínú omi yẹn RNA lè lo ọ̀sẹ̀ kan ní 25°C, ṣùgbọ́n ní 37°C, ọjọ́ kan péré ni.

Ìdí tí ìwọ̀n iṣẹ́ jíìnì bàbá sí ti ìyá fi ṣe pàtàkì nìyí. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ jíìnì fi ń yàtọ̀ láàárín irú ẹja méjì. Ọ̀kan wà lára DNA fúnra rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì, bíi swíìṣì yàrá: cis nìyẹn. Èkejì ni àwọn purotéènì tó ń káàkiri inú sẹ́ẹ̀lì, bíi jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé gbogbo ilé: trans nìyẹn. Nínú àmúlùmálà, ẹ̀dà bàbá àti ti ìyá jọ wà lórí jẹnẹrétọ̀ kan. Bí ọ̀kan bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ, swíìṣì tirẹ̀ ló fà á. Bí ìyàtọ̀ àwọn òbí bá pòórá nínú ọmọ, trans ni. Wittkopp, Haerum àti Clark fi ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ lára eṣinṣin Drosophila ní 2004. Bí ìwọ̀n bá ti yẹ̀ látilẹ̀, gbogbo jíìnì á máa jọ cis, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo ní kí ilé-iṣẹ́ náà fún mi ní àjákù RNA gan-an bí ẹ̀rọ ṣe kà á, fáìlì tí wọ́n ń pè ní FASTQ. Wọ́n ní owó ọ̀tọ̀ ni. Ẹja mi, RNA mi, owó mi! Lẹ́tà lọ, lẹ́tà bọ̀. Wọ́n ní "ìlànà wa nìyẹn". Nígbà tí wọ́n máa fi ṣọwọ́, ìdí ọ̀rọ̀ hàn: jínóòmù àrọ̀ nìkan, ìyẹn gbogbo DNA rẹ̀, ni wọ́n to àjákù náà mọ́, àìbáramu lẹ́tà DNA (A, C, G, T) 2 péré ni wọ́n sì gbà láàyè nínú àjákù lẹ́tà 150. Àjákù ìyá wọlé wẹ́rẹ́. Ti bàbá, tí lẹ́tà 4 tàbí 5 yàtọ̀ lára rẹ̀, wọ́n dà á nù, wọ́n wá ní bàbá kò ṣiṣẹ́. Irú ẹja tí kíromósóòmù rẹ̀ jẹ́ 52 ni wọ́n fi irú tó ní 56 díwọ̀n!

Ohun tí mo ṣe nìyí; bwa mem, bcftools, STAR àti samtools tí ẹ máa rí jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà. Mo fi bwa mem to DNA bàbá mọ́ jínóòmù àrọ̀, mo mú ibi tí bàbá àti ìyá ti yàtọ̀ pátápátá, mo fi bcftools consensus pààrọ̀ lẹ́tà wọn sí ti bàbá, kí n lè ní jínóòmù bàbá. Ìpààrọ̀ lẹ́tà nìkan. Mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò, kí àdírẹ́sì jíìnì lè bára mu nínú méjèèjì. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, torí àjákù tó kọ́kọ́ kọ̀ ń wọlé nígbà náà. Mo so jínóòmù méjèèjì pọ̀, mo fi STAR to RNA mọ́ ọn, mo sì fi samtools view -q 255 dá èyí tó ní ibi kan ṣoṣo dúró. Jínóòmù àrọ̀ nìkan súnmọ́ bílíọ̀nù lẹ́tà kan, nítorí náà mẹ́mórì kọ̀ǹpútà lè kún. Ẹ fi --genomeSAsparseD 2 sí àṣẹ STAR kó lè dín mẹ́mórì tó ń lò kù.

Kí n tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́, mo fi DNA ọmọ ẹja náà gba ọ̀nà kan náà kọjá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì sí ìdajì. Jíìnì tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo yọ ọ́. Mo da àjákù RNA àwọn òbí pọ̀ ní iye kan náà, mo wò ó bóyá ti ìyá ń ṣìnà lọ sọ́dọ̀ bàbá. Jíìnì mitokóńdíríà ni ìdánwò tó yá jù: ti ìyá nìkan ló yẹ kó jáde. Bí ti bàbá bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ wo bóyá RNA ẹja méjì ti dàpọ̀.

Nígbà tí mo parí, jíìnì àrọ̀ kò borí mọ́. Àwọn kan tẹ̀ sí ìyá, àwọn kan sí bàbá, ọ̀pọ̀ dúró sí àárín. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n owó FASTQ yẹn ṣì ń dùn mí. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn: FASTQ, pẹ̀lú orúkọ jínóòmù tí wọ́n lò àti iye àìbáramu tí wọ́n gbà. Kí wọ́n sì ka RNA bàbá àti ìyá pọ̀ mọ́ ti ọmọ nínú ẹ̀rọ kan náà, lọ́jọ́ kan náà.